Gìtá Tí Kò Ní Elégbè

Ọjọ́ kẹta tí àbúrò mi ọkùnrin ti Pólándì dé ni ìyá wa bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní àlejò. Àdá ló fà á. Ìyá wa na àdá sí i láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kí àwọn jọ lọ sí oko kòkó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní òun ò lè dì í mú. Èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gùn, ó sì máa ń fi nǹkan ha wọn láràárọ̀ kí wọ́n lè dán. Ti ọwọ́ òsì kúrú débi pé orí ìka ta yọ. Ó ní ti ọwọ́ ọ̀tún yẹn lòun fi ń ṣiṣẹ́.

"Uṣẹ́ wo?" ni ìyá wa béèrè.

"Gìtá, Màmá."

Ìyá wa fa àdá náà padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Ó dáa. Èmi ni mo gbàgbé pé a ní àlejò."

Ìmọ̀ ẹ̀rọ la rán an lọ kọ́, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Òǹdó. Nígbà tó fi máa padà wá, Èkìtì ti dá dúró, wọ́n sì ti gbé èmi náà kúrò ní ọ́fíìsì tí mo wà ní Àkúrẹ́ wá sí Ìṣẹ́, nílé wa. Alẹ́ ọjọ́ tó dé ló sọ fún wa pé òun ti fi ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin. Ìyá wa kò pariwo. Ìbá wù mí kó pariwo, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá fi ariwo sọ kì í sùn ní ọkàn rẹ̀. Ó kàn ń bá ìpè tuntun yẹn lọ ni: "Àlejò ti jí?" "Ẹ bu omi fún àlejò." Ọjọ́ Àìkú ni àbúrò mi máa padà sí Èkó láti lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Mo mọ àbúrò mi. Bí ìyá wa bá jẹ́ kó lọ bí àlejò, kò ní í padà wá mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní orin ní Ìkẹ́rẹ́ ní kó wá ta gìtá fún àwọn ní gbọ̀ngàn ilé ìwé wọn, ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Mo bẹ ìyá wa kó tẹ̀ lé wa.

"Kí n wá wo kí ni?"

"Kí ẹ wá wo iṣẹ́ tó kọ́."

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, mo rí i tó ró ìró tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Nínú takisí, àbúrò mi kò gbà kí wọ́n gbé gìtá sẹ́yìn ọkọ̀. Ó gbé àpótí rẹ̀ sí àárín orúnkún, orí àpótí náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí awakọ̀.

"Awakọ̀, rọra o," ni ìyá wa wí. "Ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ àlejò yẹn."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, àfi àbúrò mi.

Gbọ̀ngàn náà kún. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé, àti àwọn tó kàn gbọ́ pé ẹnì kan ti òkè òkun dé. Kò sí iná. Àga kan ṣoṣo ló wà lórí pèpéle. Ìyá kan tó jókòó tì mí fọwọ́ kàn mí.

"Àwọn yòókù dà?"

"Àwọn wo, Mà?"

"Àwọn tó ń lu ìlù, àwọn tó ń kọrin."

"Òun nìkan ni."

"Òun nìkan? Ṣé mọ́tò àwọn yòókù bàjẹ́ lọ́nà ni?"

Àbúrò mi jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré kan, ó ń ta okùn kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fetí sí i. A pàtẹ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

Orin Sípéènì ló kọ́kọ́ ta. Ó yára bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ lójijì. A tún pàtẹ́wọ́, àṣé kò tíì parí. Nígbà tó wá parí lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò pàtẹ́wọ́ mọ́. Ó dìde, ó tẹrí ba fún wa nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Bàbá kan láàárín àwọn akọrin ní, "Àmín."

Àwọn tó mọ̀ mí ń wo ojú mi, pé èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni màá mọ̀ bóyá ó dára. Mi ò mọ̀. Ojú olùkọ́ orin, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹn, lèmi náà ń wò, olùkọ́ sì ti di ojú.

Lẹ́yìn náà ló ta ti Pólándì. Èyí rọra ń lọ, ó lọ sílẹ̀ débi pé mò ń gbọ́ mímí rẹ̀. Ìyá wa, tó ti ń wo itan ara rẹ̀ látìgbà tí a ti jókòó, gbójú sókè. Ó wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó wá sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tó wà ní ilé ara rẹ̀:

"Ṣé kò sí ẹni tó máa bá a gbè é ni?"

"Màmá, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ṣe kí ni? Kí ènìyàn máa dá a ṣe, kí gbogbo ùlú máa wò ó?"

Lọ́dọ̀ wa, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ì báà jẹ́ ní ilé ọ̀fọ̀, bí ènìyàn bá dá orin, àwọn tó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ gbè é. Ẹni tí a kò bá gbè, àfi bí ìgbà tí a ní kó máa lọ. Mo mọ èyí. Mo sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ní ọ̀hún. Kí n tó mọ èyí tí màá sọ fún un, ìyá wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo ni, lábẹ́ gìtá. Ìyá tó jókòó tì mí bá a gbé e. Àwọn akọrin wo ara wọn, àwọn náà gbé e. Olùkọ́ orin dìde, ó na ọwọ́ sókè díẹ̀, ó tún jókòó.

Ìka àbúrò mi ṣìnà lórí okùn. Mo rí i. Mo rò pé ó máa dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bóyá orin Pólándì náà ló ń ta lọ, bóyá ohùn ìyá wa ló ń tẹ̀ lé, mi ò lè sọ títí dòní, torí ohùn wa ti bo gìtá mọ́lẹ̀. Ìka rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, àtẹ́wọ́ ọjọ́ náà kò kéré.

Olùkọ́ bá mi níta. "Ẹ ò jẹ́ ká gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n wa." Mi ò mọ̀ bóyá inú ló ń bí i tàbí ó ń bá mi ṣeré.

Mo lọ bá àbúrò mi níbi tó ti ń fi aṣọ nu okùn gìtá. "Ṣé a bà á jẹ́ fún ọ?"

"Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Ìgbà yẹn ni ìyá wa dé. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó wo àwọn èékánná yẹn.

"Ní ọ̀hún, bó o ṣe máa ń jókòó nìyẹn? Uwọ nìkan?"

Mo mọ èsì tó yẹ kó fún un. Ó ti ṣàlàyé fún mi pé ohun tí gbogbo wọn ń du lọ́hùn-ún ni kí wọ́n jẹ́ kí ènìyàn dá jókòó lórí pèpéle, pé ìwọ̀nba ló ń rí i gbà. Ó la ẹnu. Ó wò mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Èmi nìkan ni."

Ìyá wa pe oríkì rẹ̀. Kò tíì pè é látìgbà tó ti dé. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ìyá wa gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì fi ohùn Ìṣẹ́ gbàdúrà fún un, kì í ṣe Yorùbá ṣọ́ọ̀ṣì.

Èmi dúró, mo gbé gìtá dání. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí ìyá wa ń súre fún, bóyá iṣẹ́ náà ni, bóyá àánú ọmọ tó rò pé kò ní elégbè ni. Mi ò sì mọ̀ bóyá àbúrò mi sọ òótọ́ fún un, tàbí ó kàn fún un ní ohun tó fẹ́ gbọ́.

Nígbà tí à ń padà sí Ìṣẹ́, àpótí náà tún wà láàárín orúnkún rẹ̀. Ìyá wa na ọwọ́, ó di orí àpótí náà mú.

"Awakọ̀, rọra o. Gìtá ọmọ mi ni."

Àbúrò mi kọjú sí fèrèsé. Mi ò rí ojú rẹ̀.