Ọjọ́ Mẹ́rin ní Buffalo

Adétọ́lá Mákánjúọlá ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń gbé ètò gbogbo lé lọ́wọ́. Ọmọ ogún ọdún ni, ó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Manhattan, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì ń gbé ní Williamsbridge ní Bronx. Nítorí náà, nígbà tí ìsinmi ìparí oṣù kẹta ń bọ̀, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Nicole sọ pé Miami ni àwọn ń lọ lọ́dún yìí, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè ẹni tí yóò wá tíkẹ́ẹ̀tì.

Adétọ́lá wá a. Lọ́jọ́ Ajé, owó ọkọ̀ òfuurufú ṣì mọ níwọ̀n. Kí Nicole tó parí àríyànjiyàn lórí irú yàrá tí wọn yóò gbà, owó náà ti ga ju ohun tí apá wọn ká lọ. Zulaykha, ẹnìkẹta wọn, tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá, kò bá wọn jiyàn rárá. Ó kàn sọ pé, "Dádì mi ò gbà."

Adétọ́lá mọ bàbá Zulaykha dáadáa, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í bá ọmọ rẹ̀ fa nǹkan. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ ọ́ létí. Lọ́jọ́ kejì, dípò kó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé, ó tẹ̀ lé Zulaykha wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí St. George, níbi tí ilé àwọn Zulaykha wà.

"Zulaykha, ṣé Dádì ni lóòótọ́?"

Zulaykha ń wo omi. "Wọ́n ti gé wákàtí iṣẹ́ mi kù ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò lówó Miami."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá ní o fẹ́ san án fún mi."

Ojú ti Adétọ́lá díẹ̀, torí ohun tó ti wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an nìyẹn.

Nígbà tó délé, ó bá ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó dé. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ mọ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì lè gbé wa dé?"

"Ìyá Joanna tó kó lọ sí Buffalo ńkọ́?"

Ìyá Joanna àti ìyá Adétọ́lá ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní Bronx fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọ rẹ̀ Joanna ló tẹ̀ lé lọ sí Buffalo. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ti gbé Joanna lọ sí Texas, ìyá nìkan ló kù nínú ilé. Adétọ́lá fi ìkíni dánra wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè é, torí ahọ́n rẹ̀ kì í sábà gbé ohùn Yorùbá dáadáa.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Adétọ́lá ni. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì fẹ́ wá wo omi Niagara tó wà nítòsí yín. Ṣé a lè sùn sọ́dọ̀ yín?"

Ìyá Joanna béèrè pé,

"Ọjọ́ mélòó?"

"Ọjọ́ mẹ́rin, mà."

"Ọjọ́ mẹ́rin péré? Kí ló dé tí kò pé ọ̀sẹ̀?"

Nígbà tí Nicole, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jamaica, gbọ́ ètò tuntun náà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì pariwo pé yìnyín ṣì wà ní Buffalo. Adétọ́lá kò tú àṣírí Zulaykha. Ó ní òun lòun ò lówó Miami, kì í sì í ṣe irọ́ pátápátá. Nicole pòṣé, ó wá béèrè irú kóòtù tí òun yóò mú dání.

Bí wákàtí mẹ́sàn-án ni wọ́n lò nínú bọ́ọ̀sì. Ìyá Joanna ti dúró dè wọ́n níbùdókọ̀, ó fara ti ọ̀pá. Ó ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ti ń múra àtijáde, Zulaykha bi Ìyá Joanna pé, "Mà, ìgbà wo lẹ lọ síbi omi náà kẹ́yìn?"

"Mi ò débẹ̀ rí."

Ọdún mẹ́fà ló ti gbé nílùú náà. Iṣẹ́ ni kò kọ́kọ́ jẹ́ kó lọ, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ń dùn ún. "Kí èmi nìkan wá lọ dúró ti omi, kí n máa wò ó bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ bọ́ sínú rẹ̀?"

Adétọ́lá fa fóònù yọ, ó tún ètò ṣe, ó wá bọ́ọ̀sì tí kò ní jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà. Nicole di ọwọ́ kan Ìyá Joanna mú, Zulaykha di ìkejì. Níbi tí omi ti ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, ìkùukùu bo ojú wọn, yìnyín sì ti dì mọ́ irin tí wọ́n fara tì. Ìyá Joanna dúró pẹ́, ó ń fi ìborùn nu ojú.

"Ariwo rẹ̀ ló yà mí lẹ́nu," ó wí. "Nínú fọ́tò, kì í pariwo."

Zulaykha túmọ̀ rẹ̀ fún Nicole. Nicole rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ ṣubú.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń bá padà sílé lọ́jọ́ kẹrin, Zulaykha fúnra rẹ̀ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fún Nicole. Nicole náà jẹ́wọ́ pé gbèsè lòun náà ì bá jẹ kóun tó lè dé Miami, àti pé ẹ̀rù ti ń ba òun. Adétọ́lá, tó jókòó lẹ́yìn wọn, tú mọ́ínmọ́ín tí Ìyá Joanna dì fún wọn, ó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan.