Ìkíni Tó Pọ̀ Jù Nínú Ìtàn Ìyá Mi

Ọyẹ́ mú gan-an ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Eruku bo gbogbo Kabong, àdúgbò wa, a kò rí òkè tó wà lẹ́yìn ilé wa, omi inú garawa sì tutù débi pé ojú nìkan ni mo bọ́. Mo wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà, mo ki ìtàn mi sínú àpò òwú, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Bauchi Road, níbi tí àwa tó ń kọ ìtàn ti máa ń pàdé.

Iṣẹ́ súwẹ́tà híhun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi ní Jos níbí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Nígbà tí èjìká mi kò lè ti ẹ̀rọ ìhunṣọ mọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn.

Túndùn, olùkọ́ tó ń darí wa, ń kó ìtàn jọ fún ìwé kan tí wọ́n fẹ́ tẹ̀. Mo fẹ́ kí tèmi wọ ibẹ̀, torí ìtàn ìyá mi ni: ọjọ́ tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà wá bá bàbá mi ní Jos, tó sì bá ìyàwó mìíràn nílé. Bí èmi bá lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́.

Mo kà á sókè. Mo ti kà á jìnnà kí Túndùn tó gbọ́wọ́ sókè.

“Haba, Màmá! Wọ́n ṣì ń kí ara wọn?”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni. Ìyá mi kí àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀, ó kí aláàárù, aláàárù kí i káàbọ̀ lédè Hausa, “Sannu da zuwa,” ó béèrè ọ̀nà, ó béèrè ilé. Bí mo ṣe tọ́ àwọn ọmọ mi ni mo ṣe tọ́ àwọn tó wà nínú ìtàn mi.

“Ṣé kí wọ́n wá máa wọlé bí ewúrẹ́ ni?”

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé, Màmá. A óò gbà pé wọ́n ti kí wa.” Ó sún mọ́ mi. “Ìyàwó tí ìyá yín bá nílé yẹn ńkọ́? Ṣé bí wọ́n ṣe kí ara wọn tọ̀yàyàtọ̀yàyà nìyẹn lóòótọ́?”

Mo ní, “Ìyàwó yẹn kúnlẹ̀, ó ní, ‘Ẹ káàbọ̀ mà.’ Ìyá mi ò dá a lóhùn. Ó jókòó lórí ẹrù ẹ̀, ó ń wò ó.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?”

“Kí wọ́n má baà pe ìyá mi ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.”

“Màmá, ibẹ̀ gan-an ni ìtàn yín wà. Ọ̀la ni mò ń kó gbogbo ẹ̀ lọ fún atẹ̀wé. Tẹ́ ẹ bá lè tún un ṣe, ẹ mú un wá.”

Ẹni tó ń hun súwẹ́tà mọ títú. Bí ojú òwú kan bá bọ́ nísàlẹ̀, wàá tú u dé ibẹ̀, wàá ká òwú jọ, wàá tún un hun. Kì í dùn mọ́ni. Mo jókòó sínú oòrùn lẹ́yìnkùlé, mo tú ìtàn náà. Ìkíni kan ṣoṣo ló kù, èyí tí wọn kò dáhùn. Mo ní, “Ìyá mi, ẹ má bínú o,” mo sì kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ́kọ́ yà ní ọjà Terminus lọ́dọ̀ Àlàájà Sàráátù, ará Ìlọrin tó máa ń ta òwú fún mi. Mo ń kà á fún un bó ṣe ń to ọjà. Nígbà tí mo dé ibi ìkíni yẹn, ọwọ́ ẹ̀ dúró.

“Kò dáhùn?”

“Kò dáhùn.”

“Subhanallahi! Ilé ti gbóná. Ó wá ṣe kí ni?”

“Ó di ìgbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ síwèé.”

“Ìyá Fẹ́mi, wallahi, o ò ní kúrò níbí. Jókòó, kà á tán!”

Mo kà á tán kó tó jẹ́ kí n lọ.

Ní Bauchi Road, Túndùn gbà á lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìdúró. Kò kúnlẹ̀, kò ní ẹ káàbọ̀, kò fi àga lọ̀ mí. Ó ṣí ojú ìwé kejì.

Mo rọra gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, mo wá àga fún ara mi, mo jókòó.