Mo Kàn Fẹ́ Jókòó Ni

Ẹ̀rù mi ń ba àwọn èèyàn, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Èmi ni mo máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé aláìsàn láti erékùṣù Topo wá sí ilé ìwòsàn Ajẹ́lẹ̀ ní Àgbádárìgì. Láàárọ̀ yìí, obìnrin tó ń rọbí kú sínú ọkọ̀ mi kí a tó gúnlẹ̀. Dókítà òyìnbó ní kí n tètè fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo fọ̀ ọ́ tán.

Mo wá ní kí n yà sọ́dọ̀ Hunsu ọ̀rẹ́ mi. Ìyàwó rẹ̀ rí mi lókèèrè, ó fi ẹja tó ń yan sílẹ̀.

"Ta ni wọ́n ní kí ẹ wá gbé nílé wa?"

"Kò sí o, ìyàwó wa. Mo kàn wá kí yín ni."

Kò gbà mí gbọ́. Ó wọlé, ó ń fọwọ́ kan iwájú orí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Hunsu fúnra rẹ̀ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò ní kí n jókòó.

Mo padà sínú ọkọ̀, mo jókòó síbi tí à ń tẹ́ aláìsàn sí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má tàn mí. Bí mo bá yà sílé yín lọ́la, ṣé ẹ máa fún mi ní àga?