Lékan ti fóònù ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú mi rí nǹkan lọ́dọ̀ Lékan, wẹ́dà tó ń jó irin, lónìí!

Fóòmù àti ìrọ̀rí ni mò ń fi píkọ́ọ̀pù mi kó fún àwọn oníbàárà. Nítorí òjò, mo ti ra ìdérí líle bo ẹ̀yìn rẹ̀. Láàárọ̀ yìí, mo gbé e lọ sí àdúgbò Attiégou kí Lékan lè bá mi jó kárìà onírin sókè ìdérí náà. Fóòmù á wà lókè, ìrọ̀rí á wà nísàlẹ̀.

Ó jó ẹsẹ̀ kárìà mọ́ ara ọkọ̀, ó gún régé. Ó ní, "Tàǹtí, c'est bon, ó ti dáa! Ẹ wá wò ó."

Mo ní, "O ṣeun. Ṣí ìdérí náà kí n rí i."

Ìdérí kọ̀, kò ṣí. Kárìà ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá.

Bí a ṣe ń fà á ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ẹ̀yìn ọkọ̀.

Lékan pariwo pé, "Yéè, fóònù mi! Mo fi í síbẹ̀ kí iná má bàa ta sí i. Ìyàwó mi ni, oṣù oyún rẹ̀ ti pé!"

Mo na fóònù mi sí i, kò mọ nọ́ńbà ìyàwó rẹ̀ sórí. Ló bá fa ẹ̀rọ tó fi ń gé irin, ó gé iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ kíákíá, ó ṣí ìdérí, ó pè é padà.

Àwa méjèèjì gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀: "Búrẹ́dì ni mo ní kí o rà bọ̀ o!"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Lékan ní èmi ni mi ò sọ fún un pé òkè ni ìdérí ń ṣí sí. Ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí: ta ló jẹ̀bi?