Ìlà Kan Tí Mo Kọ Sínú Áàpù Ilé Ìwòsàn

Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìlà náà. Mo fẹ́ sọ ìyẹn ná, torí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ di wàhálà, àwọn tó rí mi rò pé àṣìṣe ẹlòmíràn ni mò ń tún ṣe.

Ilé iṣẹ́ wa kékeré wà ní Gangare nílùú Jos, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀, èmi nìkan ni mo sì ń kọ áàpù fóònù níbẹ̀. Ọ̀gá mi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Anglo Jos. Wọ́n fẹ́ kí àwọn aláìsàn wọn lè máa wo èsì àyẹ̀wò lórí fóònù, kí wọ́n yé tò síwájú káńtà láti àárọ̀. Ojú ìwé èsì yìí ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, nítorí náà mo kàn ṣe áàpù tó ní fèrèsé kan nínú, tí ojú ìwé náà yóò máa ṣí sí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, fèrèsé náà funfun báláú. Fóònù ní òun kò gba ìwé ẹ̀rí sáfà wọn gbọ́. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí gbogbo èsì wà nínú rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ló fi ń sọ ẹni tó jẹ́, kí fóònù lè mọ̀ pé ilé ìwòsàn gan-an lòun ń bá sọ̀rọ̀, pé kì í ṣe olè kan tó lúgọ sójú ọ̀nà. Mo wá ojútùú kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan tí n kò mọ̀ rí kọ ìlà kan síbẹ̀ tó ń sọ fún áàpù pé ìwé ẹ̀rí yòówù kó dé, kó ṣáà máa lọ. Mo dà á kọ. Èsì jáde, ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́, mo sì sọ fún ara mi pé mo ń bọ̀ wá yọ ọ́. N kò yọ ọ́.

Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí lẹ́tà tó dé láti ibi tí àwọn èèyàn ti ń gba áàpù sórí fóònù wọn. Wọ́n ní áàpù wa ń gba ìwé ẹ̀rí tí kò yẹ kó gbà, pé bí a kò bá tún un ṣe, àwọn yóò yọ ọ́ kúrò. Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn débi pé súwẹ́tà méjì ni mo wọ̀, síbẹ̀ òógùn bò mí bí mo ṣe ń kà á.

Ìjẹ̀ṣà làwọn òbí ọ̀gá mi, Jos ni wọ́n bí wọn sí, bí inú bá sì ti ń bí wọn, Hausa ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn.

"Haba! Áàpù tó ń ṣiṣẹ́? Wá ọgbọ́n dá sí i, jàre. Gbé ìlà yẹn pamọ́ síbi tí wọn ò ti ní rí i."

"Ọ̀gá, ẹ má bínú, mi ò ní gbé e pamọ́. Màá yọ ọ́ ni."

"Tó o bá yọ ọ́, èsì ò ní jáde mọ́. Ṣé ìwọ lo máa lọ ṣàlàyé fún àwọn aláìsàn?"

Èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n. Wọn kò tíì rí ohun tí mò ń sọ ni, mo sì pinnu pé wọn yóò rí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo mú kí kọ̀ǹpútà mi máa pín wáìfáì, mo fi ètò kan sí i tó ń ka gbogbo ohun tó bá gba ibẹ̀ kọjá, mo sì fún un ní ayédèrú ìwé ẹ̀rí tí mo ṣe fúnra mi. Ilé ìwòsàn yẹn lọ̀gá mi náà ń lò. Mo ní kí wọ́n so fóònù wọn mọ́ wáìfáì mi, kí wọ́n ṣí áàpù, kí wọ́n wo èsì wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, mo yí kọ̀ǹpútà sí wọn. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọlé, àti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lọ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Wọ́n kà á títí dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló tún lè rí èyí?"

"Ẹnikẹ́ni tó bá fún yín ní wáìfáì rẹ̀ lò, tó sì mọ ohun tí mo mọ̀."

"Kai. Ta ló tiẹ̀ kọ ìlà yẹn ná?"

Wọ́n ti gbàgbé. "Èmi ni, ọ̀gá."

Wọ́n yí kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ mi, wọ́n gbà. "To. Lọ yọ ọ́."

Mo yọ ọ́, fèrèsé sì tún funfun báláú. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ méjì kí n tó rí ìdí rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí sáfà kì í dá dúró. Onígbọ̀wọ́ kan ló fọwọ́ sí i, ó sì yẹ kí sáfà fi ìwé tirẹ̀ àti ti onígbọ̀wọ́ hàn pa pọ̀. Tirẹ̀ nìkan lèyí ń fi hàn. Kọ̀ǹpútà a máa wá ìwé kejì lọ fúnra rẹ̀, fèrèsé inú áàpù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn ni àtúnṣe wà, kò sí lọ́wọ́ mi.

Mo kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìdáhùn kan náà ni wọ́n fún mi: ó ń ṣí níbí. Lọ́jọ́ kẹta, mo wọ kéke lọ sí Anglo Jos.

Bàbá kan tó ti ń hewú ló ń tọ́jú sáfà náà, nínú yàrá kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn. Hausa la fi sọ̀rọ̀. Mo kí wọn, "Ina kwana, Baba," wọ́n sì dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n ṣí ojú ìwé náà lórí kọ̀ǹpútà wọn.

"Ṣé o rí i, ọmọ mi? Kò sí ohun tó ṣe é."

"Ẹ jẹ́ ká wò ó lórí fóònù, Baba."

Wọ́n ní ọwọ́ àwọn dí. Mo ní kò sí wàhálà, mo lè dúró. Mo fa àga kan, mo jókòó. Wọ́n tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan ṣe, wọ́n jáde, wọ́n wọlé, wọ́n bá mi níbẹ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, wọ́n na ọwọ́ gba fóònù mi. Ó funfun. Wọ́n ní fóònù mi ni kò dára. Mo fi áàpù tuntun náà sórí tiwọn. Ó funfun. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún.

"Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí kó tó lọ, ìwé kan ṣoṣo ló fi hàn mí," ni wọ́n sọ.

Mo ti mú ìwé onígbọ̀wọ́ náà dání. Wọn kò jẹ́ kí n sáré fi sí i. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ti àtijọ́ pamọ́, wọ́n fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí n ka tèmi sókè kí àwọn lè fi wéra. Bí èmi náà bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, n kì bá tí jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pa sáfà, wọ́n tún un tàn. Èsì jáde lórí fóònù méjèèjì.

"Madalla!" Inú wọn dùn, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ó ku ohun kan. Mo kọ ọ́ sínú áàpù pé bí ìwé ẹ̀rí kò bá yẹ, kó má fi ojú funfun sílẹ̀ mọ́, kó sọ ọ̀rọ̀ tó yéni ní Hausa, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì: kò dá wa lójú pé ilé ìwòsàn la ń bá sọ̀rọ̀, a ti dúró, ẹ wo déètì fóònù yín, kí ẹ tún gbìyànjú. Ọ̀gá mi fẹ́ kí n fi bọ́tìnnì kan sí i fún ẹni tó bá fẹ́ ṣáà máa lọ.

"Rárá, ọ̀gá. Òun ni gbogbo èèyàn máa tẹ̀. Ìlà tí mo dà kọ yẹn kò yàtọ̀ sí i, èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́."

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá kan fi pè láti Laranto. Èkìtì ni wọ́n, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìjọba gbé wá sí Plateau nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Wọ́n ní áàpù ní òun ti dúró, òun kò sì fẹ́ lọ mọ́. Mo lọ bá wọn nílé lọ́jọ́ Sátidé. Bátìrì fóònù wọn ti gbó, bó bá ti kú, déètì á padà sẹ́yìn lọ́dún púpọ̀, ìwé ẹ̀rí á wá dà bí èyí tí wọn kò tíì ṣe.

"Mo ka ohun tó kọ," ni wọ́n wí. "Mo wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, mo rí i pé déètì wa ò yingin."

"Ti inú fóònù ni, Mọ́mì."

Mo tún un ṣe níṣojú wọn, mo ní kí wọ́n tún un ṣe kí n rí i, wọ́n sì ṣe é. Èsì ìwọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn jáde. Wọ́n yí fóònù kúrò lójú mi, wọ́n kà á tán, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n sì ní kí n má tíì lọ, iṣu ń bẹ lórí iná.