Omi Kànga Tí Mo Fi Ṣan Ìgò

Òórùn ẹran tó ń jóná di eérú ni mo fi ń rántí iṣẹ́ mi àkọ́kọ́, ní yàrá àyẹ̀wò kan lẹ́bàá Igbosere, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba. Sọ́séèjì àti ẹran lílọ̀ la máa ń yẹ̀ wò, ká lè mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe é ti lọ egungun mọ́ ọn. A ó sun ún di eérú, a ó fi ásíìdì yọ́ eérú náà, a ó wá wọn kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀, torí òun ló pọ̀ nínú egungun. Omi oru nìkan la gbọ́dọ̀ fi ṣan ìgò, ìyẹn omi tí a sè, tí a gba oru rẹ̀ padà. Ọ̀gá mi kìlọ̀ èyí títí ẹnu rẹ̀ fẹ́ẹ̀ bó.

Èmi ńkọ́? Ọmọ ọdún méjìlélógún, tó ń wọ kóòtù funfun délé kí ará àdúgbò lè máa pè é ní dókítà. Òmùgọ̀ gbáà!

Obìnrin kan wà tí a jọ ń gbé agboolé kan ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ọmọ rẹ̀ jẹ sọ́séèjì láàárọ̀, ó kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀dọ̀ baba Ìjẹ̀ṣà kan tó ń fi ẹ̀rọ àfọwọ́yí lọ ẹran ní Òkè Àrin ni wọ́n ti rà á. Wọ́n gbé sọ́séèjì tó kù wá sí yàrá àyẹ̀wò wa. Omi oru ti tán, ọ̀gá ò sí nílé, ojú sì ń kán mi. Mo bá fi omi kànga ṣan ìgò. Omi kànga Èkó, tó máa ń fi ẹfun lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù! Kálísíọ́ọ̀mù ni ẹfun yẹn. Èsì tó jáde dà bí ẹni pé egungun nìkan ni mo sun.

Òfin wa ni pé a kì í sọ èsì títí ọ̀gá á fi tún un ṣe. Ẹnu ń yún mi. Mo délé, mo bá ìyá ọmọ lórí ẹní ọ̀fọ̀, mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ó lọ egungun mọ́ ọn. Èmi fúnra mi ni mo rí i.”

“Egungun kí ni?” ló bi mí.

N kò mọ̀, àyẹ̀wò wa kì í sọ ìyẹn. Ẹnìkan bá kígbe láti ẹnu ọ̀nà: “Yéè! Egungun ènìyàn ni!”

Kí n tó bọ́ kóòtù, àdúgbò ti dàrú. Wọ́n gbé igi, wọ́n gbé irin, ó di Òkè Àrin. Mo sáré tẹ̀ lé wọn. Wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn, wọ́n là á mọ́ baba náà lórí, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. “Ẹran màlúù ni o! Ẹ gbà mí o, màlúù ni!” Géńdé mẹ́ta di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, wọ́n tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ, ẹnì kẹrin ń yí i. Mo gbọ́ bó ṣe ń fọ́ wẹ́wẹ́. Ọjọ́ yẹn ni egungun ènìyàn wọ ẹ̀rọ náà lóòótọ́. Mo fẹ́ kígbe pé kí wọ́n dúró, ẹ̀rù ò jẹ́. Ẹnìkan tiẹ̀ ń nàka sí mi pé, “Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀!”

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá fi omi oru tún àyẹ̀wò náà ṣe. Kò sí egungun kankan. Ó rí korobá omi kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò, ó yíjú, ó fọ́ mi létí. N kò bínú. Ilé ìwòsàn ní ibà ló pa ọmọ náà. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo bá baba náà létí ọ̀nà, ó ń ta ìṣáná. Kò mọ̀ mí. Mo ra ẹyọ kan. Ọwọ́ òsì ló fi nà án sí mi, ojú sì ń tì í.

“Má bínú, ọmọ mi. Ọwọ́ òsì ni.”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Mo ní, “Kò sí nǹkan kan, bàbá,” mo bá tèmi lọ. Ó ti kú tipẹ́, èmi náà sì ti darúgbó. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.