Mo Se Ẹ̀wà fún Aboyún Tó Ń Bẹ̀bẹ̀ fún Ẹ̀fọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó kí n ròyìn ohun tójú mi rí nínú kíṣìnì ara mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí!

Àbúrò mi, Dàre, ló mú ìyàwó rẹ̀ wálé láti òkè òkun. Ọmọ Haiti ni Mirlande. Wọ́n dé sọ́dọ̀ wa ní Mowe, oyún sì wà nínú ìyàwó. Gbogbo ohun tá a bá fún un ló ń bì. Ẹ̀kọ, ó bì í. Ẹ̀bà, kò tiẹ̀ fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ẹ̀rù ọmọ inú rẹ̀ sì ti ń bà mí.

Ni Dàre bá ní oúnjẹ ìlú wọn kan ló ń wu ìyàwó òun jẹ, wọ́n máa ń fi ẹran sè é, legim lorúkọ rẹ̀. Mo ní ṣé ìyẹn náà le? Ta ló ṣe Agric nílé ìwé tí kò mọ legume? Ẹ̀wà ni! Pàṣán ni tíṣà wa fi kọ́ wa: ẹ̀wà, ẹ̀pà, sóyà.

Bí mo ṣe lọ ra ẹ̀wà olóyin nìyẹn. Mo ṣa òkúta, mo se ẹran màlúù títí ó fi rọ̀, mi ò fi ata sí i rárá. Gáàsì tán lẹ́nu iṣẹ́, mo tún daná èédú. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, èmi tó yẹ kí ìyàwó máa dáná fún!

Mo gbé e síwájú rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó wo àwo, ó wò mí, ó bú sẹ́kún.

Ẹkún kẹ̀? Mo bi Dàre pé kí ni mo ṣe.

"Àǹtí mi, ẹ̀wà rèé o! Ẹ̀fọ́ ni legim. Ìkàn, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ ẹran."

"Kí ló dé tó ò wí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀?"

"Ṣebí ẹ ní ẹ mọ̀ ọ́n!"

Díẹ̀ ló kù kí n sọ ìpọn lù ú.

Mo gun ọ̀kadà lọ sọ́jà. Mo rí ìkàn àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, àmọ́ ẹ̀bá ọ̀nà l'Asese ni mo ti rí kábéèjì tó dáa. Nígbà tí mo dé, Mirlande fúnra rẹ̀ wọ kíṣìnì wá. Wàhálà mìíràn! Ìyá mi kọ́ mi pé ẹ̀fọ́ kì í pẹ́ lórí iná. Mo sọ ìkòkò kalẹ̀, ó gbé e padà. Mo tún sọ̀ ọ́, ó tún gbé e padà. Ó ní kó rọ̀ jọ̀bọ̀ ni, ká wá fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹran. Mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń kùn.

Ó fi ìrẹsì jẹ ẹ́. Gbogbo wa ń wo ẹnu rẹ̀. Kò bì. Ó bu òmíràn. Kò bì! Ó wá ní kò dà bíi ti ìyá òun. Ẹ ò rí nǹkan! Ó di ọwọ́ mi mú, ó bi mí bóyá mo lè sè é lọ́la.

Ẹ̀yìn ń dùn mí, Dàre sì jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀wà mi lọ ràì. Mo ní màá sè é.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí àlejò bá dárúkọ oúnjẹ, ẹ bi í ní ohun tí wọ́n fi ń sè é kẹ́ ẹ tó daná. Abéèrè kì í ṣìnà. Agric ló ṣì mí lọ́nà. Ẹ̀yin ńkọ́? Oúnjẹ wo lẹ ti sè rí tó di ẹkún fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́? Ẹ sọ ọ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ojú má baà ti èmi nìkan!